Ìlú Etí Òkun Tí Àmínát Kò Dé

Àmínát kì í jowú. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í dúró kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè kó tó sọ ọ́. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn èrò Hájì tó ń gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ní Al-Aziziyah, ní Mẹ́kà, níbi tó ti ń bójú tó ilé tí wọ́n ń háyà fún wọn. Ó máa ń sọ ọ́ fún Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, bó bá ń fi òrí pa á lórúnkún. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń sọ ọ́ fún jù ni Sakina, ìyàwó kejì.

"Ìyàwó, ṣé o mọ̀ pé èmi kì í jowú?"

Sakina á rẹ́rìn-ín músẹ́, á fi Lárúbáwá gbà fún un, á ní, "Aywa, Ìyá Maha," á sì máa tẹ fóònù rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbà á gbọ́ fún ìgbà díẹ̀ ná.

Mẹ́kà ni wọ́n bí Hashim, ọkọ wọn, sí. Àwọn òbí rẹ̀ ló wá ṣe Hájì láti Ìsẹ́yìn láyé àtijọ́, tí wọn kò padà sílé mọ́. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, ìyá rẹ̀ ní dandan, ọmọ Ìsẹ́yìn ni òun fẹ́, ni wọ́n bá lọ mú Àmínát wá. Nígbà tí Maha, ọmọbìnrin tí Àmínát bí, ti dàgbà tó ti lọ sílé ọkọ ní Mẹ̀dínà, Hashim tún fẹ́ Sakina, ọmọ tí wọ́n bí sí Jeddah, tó jẹ́ pé ìyá ìyá rẹ̀ ló wá láti Ìlọrin. Sakina ń gbé ní Al-Nuzlah ní Jeddah. Àmínát ń gbé pẹ̀lú Màmá ní Mẹ́kà. Hashim, tó ń ṣètò bọ́ọ̀sì àwọn èrò Hájì fún ọ̀gá rẹ̀, ń lọ ń bọ̀ láàárín ìlú méjèèjì, ó sì ń pín ọjọ́ rẹ̀ fún wọn dọ́gba-dọ́gba, bí ẹni ń pín búrẹ́dì fún ọmọ ìyá méjì tó ń wo ọ̀bẹ.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé Hashim kò ṣe déédéé. Ohun tó ń dun Àmínát nìyẹn gan-an. Ọkọ tó bá ń ṣe ojúsàájú, èèyàn á rí nǹkan sọ. Ọkọ tó ń ṣe déédéé, kí lèèyàn fẹ́ sọ? Bí Hashim bá wà ní Mẹ́kà, ọ̀dọ̀ Màmá ló máa ń jókòó. Ojú Màmá ti fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́, Àmínát ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń wọṣọ fún un, tó ń gbé e sórí kẹ̀kẹ́ lọ kírun. Ní Jeddah, Sakina nìkan ló wà. Kò sí orúnkún ẹnikẹ́ni láti fi òrí pa. Ó tún máa ń pe ọkọ ní "Hashim" lásán, láìsí "Bàbá" láìsí "Àlàájì", bí ẹni ń pe ọmọ tó rán níṣẹ́.

Lọ́dún 2018, nígbà tí Hájì parí tí bọ́ọ̀sì kò rí èrò kó mọ́, ọ̀gá Hashim ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá yìí, ọmọ Saudi, ti ra ilé kékeré kan sí Almuñécar, ìlú kan létí òkun ní gúúsù Sípéènì. Kì í ṣe ìlú tí àwọn olówó fi ń yangàn. Bí o bá dárúkọ Marbella, ìlú àwọn olówó níbẹ̀, ní Jeddah, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Bí o bá dárúkọ Almuñécar, wọ́n á bi ọ́ bóyá oògùn ikọ́ ni. Àwọn birikìlà ń tún òrùlé ilé náà ṣe, ọ̀gá sì fẹ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán tó máa dúró tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan.

"Mú ìyàwó rẹ dání," ni ọ̀gá wí. "Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo máa san."

Ìyàwó rẹ. Ọ̀gá ti gbàgbé pé méjì ni wọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí Àmínát, ọkàn rẹ̀ fò. Láti ìgbà tó ti dé ilẹ̀ yìí, òun àti ọkọ rẹ̀ kò tíì jọ jáde lọ síbì kan tí kò sí Màmá níbẹ̀, tàbí èrò Hájì pẹ̀lú ẹrù wọn. Òkun kọ́ ló ń wù ú. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí Hashim mú òun jáde bí ìyàwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òun tó kú, kì í ṣe bí ẹni tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀.

Hashim kò yan ẹnì kankan. Ó ní, "Bí Ànábì wa bá fẹ́ rìnrìn-àjò, kèké ló máa ń ṣẹ́ láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀. Èmi náà, kèké ni n ó ṣẹ́."

Lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀, Sakina wá láti Jeddah, gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀ ní Al-Aziziyah. Hashim ń wá bírò tí yóò fi kọ orúkọ wọn, ni Àmínát bá tètè dá a dúró.

"Bàbá Maha, kí la fẹ́ fi bírò ṣe? Kí èmi bọ́ òrùka mi, kí ìyàwó bọ́ tirẹ̀, kí a jù wọ́n sínú fìlà yín. Màmá ni kó mú ọ̀kan. Màmá kò ríran, kò sẹ́ni tó máa sọ pé màgòmágó wà níbẹ̀."

Hashim ní ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Sakina gbà, ó ní, "Tayyib," ó bọ́ òrùka góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Òrùka mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ Àmínát. Èyí tó bọ́ ni òrùka fàdákà ńlá olókùúta, tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ ki sí i níka lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Ojú Màmá lè fọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti wọ òrùka yẹn fún ìdajì ayé rẹ̀ kò lè ṣì í mọ̀. Ta ni Màmá ì bá sì mú, bí kò bá mú ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́? Ẹ ti rí i pé ẹni tí kì í jowú lè gbọ́n púpọ̀.

Màmá ki ọwọ́ bọ inú fìlà. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Àmínát rí i bí ìka àgbà obìnrin náà ti ń rìn kiri lábẹ́ aṣọ, ó sì ti ń rò ó lọ́kàn pé híjáàbù aláwọ̀ ewé ni òun máa wọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Màmá fa ọwọ́ yọ. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ ló mú.

"Wallahi?" ni Sakina kígbe. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó fò mọ́ Màmá, ó fi ẹnu kò ó lórí.

Àmínát náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kú oríire o. Èmi kì í jowú."

Wọ́n lọ. Kò tíì pé ọjọ́ méjì tí fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù Àmínát. Ẹ wo ìlú yẹn lójú ara yín: àwọn ilé funfun tò gun orí òkè bí ìgbà tí èèyàn da ṣúgà onígun sílẹ̀, ògbólógbòó odi ààfin kan wà lókè téńté, òkun aláwọ̀ aró sì tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Etí òkun wọn kì í ṣe iyanrìn, òkúta wẹẹrẹ aláwọ̀ eérú ni. Sakina dúró sórí òkúta náà nínú àbáyà dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín. Sakina dúró níwájú ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tí wọ́n rọ iyanrìn kún, tí wọ́n dáná sínú rẹ̀, tí wọ́n to ẹja sádìnnì sórí igi bí ẹni to súyà. Sakina di máńgòrò mú.

Máńgòrò! Ní Yúróòpù! Èyí ló bí Àmínát nínú jù. Sakina fi ohùn ránṣẹ́, ní Lárúbáwá àti Yorùbá papọ̀: "Ìyá Maha, wọ́n ń gbin máńgòrò lórí òkè níbí o, wallahi. Àwọn Lárúbáwá ayé àtijọ́ ló ni ìlú yìí, al-Munakkab ni wọ́n ń pè é. Ẹ bá mi kí Màmá."

Àmínát fi àwòrán àtàǹpàkò aláwọ̀ ìyeyè ránṣẹ́ padà, ó tán. Ṣùgbọ́n tó bá ku òun nìkan, á ṣí fọ́tò náà, á fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú, á máa wá Hashim kiri inú rẹ̀. Hashim kò sí nínú ìkankan. Òjìji rẹ̀ ló rí nínú ọ̀kan, níbi tó ti dúró ya fọ́tò tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji náà sì gùn títí ó fi kan ẹsẹ̀ Sakina. Àmínát wo òjìji yẹn títí ọbẹ̀ fi jóná mọ́ ọn lórí iná.

Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ohun tó sè tó jẹ ẹnu. Òjòwú kò lẹ́ran láyà ni wọ́n máa ń wí, ọbẹ̀ tirẹ̀ kò sì ní ìwọ̀n iyọ̀. Màmá tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ti àwo sẹ́yìn.

"Àmínát, iyọ̀ inú ọbẹ̀ yìí, ṣé ìwọ náà lọ bù ú nínú òkun ni?"

"Òkun wo, Màmá? Kí ló wà nínú òkun? Ṣé kò sí òkun ní Jeddah ni?"

Ó búra fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé òun kò ní béèrè ohunkóhun nípa ìlú yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí òkè góòlù níbẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ẹ́, kí wọ́n máa mu ún.

Nígbà tí wọ́n dé, Sakina kó ẹ̀bùn wá fún un: àwo amọ̀ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ya ẹja búlúù sí lára. Ó jókòó, ó múra láti ròyìn. "Ìyá Maha, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín..." Àmínát ní òun ní aṣọ lórí okùn. Ó kó aṣọ tó ti gbẹ, ó tún fọ̀ ọ́, ó tún sá a. Ó fi àwo náà gbé ọṣẹ ní balùwẹ̀. Sakina rí i níbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sí Jeddah.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Àmínát ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn Màmá, kò sì lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màmá, ọwọ́ yín ti kú."

"Ọwọ́ ta ló kú?"

"Tiyín ni. Ẹ kò mọ òrùka tí ẹ fún mi mọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án nínú fìlà, ẹ kò mọ̀ ọ́n."

Omi ń kán tótó láti irun Màmá. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni mo kọ́kọ́ bà."

Àmínát gbé kànìnkànìn sílẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi í sílẹ̀," ni Màmá wí. Kò fi ohùn pamọ́. "Bí o bá lọ, ta ló máa wẹ̀ mí? Sakina? Ọmọ tó ń fi ìka méjì mú ìbọ̀sẹ̀ mi bí ẹni mú eku tó kú? Ọ̀sẹ̀ kan, Àmínát! Mo ti darúgbó. Ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ jù fún mi."

Gbogbo ọjọ́ tí Àmínát ti fi ń bínú Sakina, gbogbo ọjọ́ tó ti fi ń fura sí Hashim, àṣé ẹni tó jí ìrìn-àjò rẹ̀ gbé ló wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láràárọ̀, tí òun ń fi ọṣẹ fọ̀! Torí pé ó ń tọ́jú Màmá dáadáa ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níyà. Ká ní ó ti ń fi omi tútù wẹ obìnrin yìí, ì bá ti jẹ máńgòrò lórí òkè. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Màmá ló tètè gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìwọ náà, òrùka mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà. Kí ló dé tó jẹ́ èyí tí mo mọ̀ lo bọ́?"

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Àmínát ṣan Màmá, ó nù ún gbẹ, ó wọṣọ fún un, ó fi òrí pa orúnkún rẹ̀ bó ṣe ń pa á lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ló jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Hashim.

"Bàbá Maha, mò ń bọ̀ ní Jeddah. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fún ìyàwó létí òkun, èmi náà fẹ́ tèmi. Kí ó wá máa tọ́jú ìyá yín."

Hashim, ọkùnrin déédéé, ní kò burú.

Sakina kó báàgì rẹ̀ dé. Àmínát fi ibi tí òrí wà hàn án, ó fi kànìnkànìn hàn án, ó fi mọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún un pé Màmá kì í fẹ́ kí omi kàn án létí. Kò sọ pé ẹsẹ̀ òsì ni kí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó fẹ́ kí Màmá pariwo, kí ó sunkún, kí ó ní kí wọ́n lọ mú Àmínát òun wá fún òun kíákíá. Ó ti pinnu pé, bí wọ́n bá pè é, òun yóò kọ́kọ́ kọ̀ ná.

Jeddah dùn. Kí n má purọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Hashim á mú un lọ sí Kọ́níìṣì, etí òkun níbi tí àwọn ẹbí máa ń tẹ́ ẹní sí. Á ra àgbàdo sísun fún un, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wọn lára. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan. Ohun tó ti ń wá nìyí, ó ti rí i. Ṣùgbọ́n ó ń wo fóònù. Màmá kò pè. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, Màmá kò pè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ń wo omi, kò sì mọ ìgbà tí ìbúra rẹ̀ já.

"Bàbá Maha, ti ibẹ̀ yẹn, ṣé ó jọ eléyìí?"

Hashim ní, "Kí n sọ òtítọ́ fún ọ, n kò mọ̀. Orí òrùlé ni mo wà pẹ̀lú àwọn birikìlà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ya fọ́tò fún Sakina, mo sáré padà síbi sìmẹ́ǹtì. Òun nìkan ló rìn kiri. Òun ló mọ ìlú náà, òun ni kí o bi."

Àmínát wò ó. Ọkùnrin yìí lọ sí Sípéènì, sìmẹ́ǹtì ló rí! Òjìji yẹn nìkan ni gbogbo ìfẹ́ tó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Ìdùnnú yẹn ló fi pe Màmá, kó kàn lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jìyà.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ́. Màmá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Àmínát kò gbọ́ rí láti ìgbà tó ti wọlé rẹ̀, ẹ̀rín ọmọge.

"Àmínát, ìwọ nìyẹn? Jókòó sọ́dọ̀ ọkọ rẹ o, má kánjú. Sakina ti bomi sínú ọpọ́n fún mi, ó da iyọ̀ sí i, ó ṣa òkúta wẹẹrẹ sí i, ẹsẹ̀ mi wà nínú rẹ̀. Ó ní etí òkun Sípéènì nìyẹn. Ó ń fi ẹnu mú mi rìn, a ti kọjá ọjà, a ti gun òkè dé odi ààfin, ẹja sádìnnì la fẹ́ jẹ báyìí. Àmínát, ó mà dùn o! Ojú mi kò rí nǹkan bí èyí láti ọjọ́ yìí wá." Ó sì yí sẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀ sí Sakina ní Lárúbáwá, ní yàrayàra, àwọn méjèèjì tún bú sẹ́rìn-ín. Àmínát kò tiẹ̀ mọ̀ pé Màmá ń sọ Lárúbáwá tó bẹ́ẹ̀. Kò bá a sọ ọ́ rí.

Fóònù kú. Ohun tó kù fún un ni òkun Jeddah, tó tẹ́ lọ síwájú rẹ̀ rẹrẹẹrẹ, tó tóbi ju ọpọ́n lọ lọ́nà gbogbo, kò sì wù ú mọ́ rárá. Owú tó jẹ lórí ọkọ kò tó ìdajì eléyìí. Gbogbo ilé ló ti lọ sí ìlú yẹn tán. Afọ́jú tí kò lè rìn ti dé ibẹ̀. Òun nìkan ló kù.

"Bàbá Maha, ẹ dìde. Ẹ gbé mi padà sí Mẹ́kà."

"Ọ̀sẹ̀ rẹ kò tíì pé."

"Mo ti yọ̀ǹda ìyókù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde kí wọ́n tó jẹ ẹja yẹn tán."

Wọ́n wọ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Al-Aziziyah, Àmínát wọlé láìbọ́ àbáyà. Màmá jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọpọ́n. Sakina wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi dé ìgbọ̀nwọ́. Bó ṣe rí Àmínát, ó dákẹ́, ó fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó jókòó sí àyè onílé.

"Kí ló dé tí o dákẹ́?" ni Màmá wí. "Ẹja ti jinná àbí kò tíì jinná?"

Àmínát bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fa àpótí ìdáná kan, ó jókòó kọjú sí Màmá, ó ká àbáyà rẹ̀ sókè, ó sì ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú ọpọ́n. Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òkúta gún un lábẹ́ ẹsẹ̀. Kò kọ́kọ́ gbójú sókè wo Sakina, nítorí ojú ń tì í, inú sì ń bí i síbẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "jókòó, má lọ ibì kankan. Fi ẹja sílẹ̀ ná, padà sẹ́yìn. Ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ti balẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀."